Àrùn Ọkọ̀ Tí Wọ́n Fi Orúkọ Sùnmọ́nù Pè

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń parí ilé ẹ̀kọ́, tí ẹ ń wá bi mí níwájú ilé bóyá iṣẹ́ mẹkáníìkì ṣì ṣeé jẹ, ẹ jókòó. Mo ti gbé sípánà sílẹ̀ báyìí, orúnkún mi ò jẹ́ kí n wọ abẹ́ ọkọ̀ mọ́, ẹnu nìkan ló kù. Mo mọ ohun tí àgbà máa ń sọ fún ọ̀dọ́ nípa iṣẹ́: ní sùúrù, bọ̀wọ̀ fún ọ̀gá rẹ, má jalè. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí wọn kì í sọ. Bí o bá fẹ́ mọ iṣẹ́ dójú àmì, kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹnì kan tí wàá máa jowú. Èmi ní tèmi. Sùnmọ́nù lorúkọ rẹ̀, ó wà láàyè, Èrúwà ló ń gbé, eyín rẹ̀ ṣì pé.

Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì èyíkéyìí láti Igbó-Ọrà dé Tápà, tí ẹ ní ọkọ̀ àtijọ́ kan ń kú lórí òkè, tó bá sinmi díẹ̀ á tún jí, kò ní jẹ́ kí ẹ parí ọ̀rọ̀. Á ní, "Àrùn Sùnmọ́nù ni." Àwọn ọmọ tí a ò tíì bí nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ ń pe orúkọ yẹn bí ẹni ń pe orúkọ ọjà. Èmi Bùsárì, bàbá Kúdí, èmi ni mo rí àrùn náà. Mo sọ ọ́ báyìí kí ìtàn tó bẹ̀rẹ̀, torí ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́, tèmi sì ti dákẹ́ pẹ́.

Igbó-Ọrà ni wọ́n bí mi sí. Àgbẹ̀ ẹ̀gẹ́ ni bàbá mi, kò sì pẹ́ tó fi rí i pé ọwọ́ mi àti ọkọ́ ò rẹ́. Ó mú mi lọ sí Èrúwà, sọ́dọ̀ Ọ̀gá Jímọ̀, ọkùnrin tí wọ́n ní ọkọ̀ kankan ò lè purọ́ fún. Ọ̀rọ̀ tí bàbá mi sọ níbẹ̀ ò pọ̀. Ó ní, "Ẹran ara rẹ̀ ni tiyín, ẹ ṣáà dá egungun rẹ̀ padà fún mi." Lọ́sẹ̀ yẹn kan náà ni ìyá Sùnmọ́nù mú un wá láti Igangan. Èmi àti ẹ̀ jọ sùn lórí ẹní kan, a jọ jẹun nínú abọ́ kan. Ó ga jù mí lọ, ó lẹ́wà jù mí lọ, epo kì í sì í yí i láṣọ. Bí a bá jọ jáde lábẹ́ ọkọ̀, èmi á dà bí ẹni tí wọ́n fà yọ nínú ìkòkò epo. Òun á gbọn ara, ó parí.

Ọ̀gá Jímọ̀ kì í pariwo. Ìbá sàn kó máa pariwo. Bí o bá ṣe iṣẹ́ bàjẹ́, á gba sípánà lọ́wọ́ rẹ, á ní kí o lọ jókòó lábẹ́ igi odán tó wà níta, níbi tí gbogbo ẹni tó ń lọ sọ́jà á ti rí ọ. Wọ́n á bi ọ́ pé kí lo ṣe, wàá sì fẹnu ara rẹ sọ ọ́ fún wọn. Kò gbọdọ̀ sí irọ́ níbẹ̀, torí Ọ̀gá ń gbọ́. Èmi mọ gbòǹgbò igi odán yẹn ju bí mo ṣe mọ ẹní tí mò ń sùn lé lọ. Sùnmọ́nù ò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n.

Òfin kan tún wà. Ọmọ iṣẹ́ Ọ̀gá Jímọ̀ ò gbọdọ̀ yin ara rẹ̀. Bí o bá sọ fún oníbàárà pé "Èmi ni mo tún un ṣe," abẹ́ igi odán ni. Ọ̀gá ní ẹnu ẹlòmíràn ló yẹ ká ti gbọ́ iṣẹ́ ẹni.

Láàárọ̀, ó máa ń dán wa wò. Á ní ká kọjú sí ògiri, á tan ọkọ̀ kan lẹ́yìn wa, àwa á sì sọ ohun tó ń ṣe é láìbojú wẹ̀yìn. Èmi á bẹ̀rẹ̀ sí í ronú: ṣé kábúrétọ̀ ni, ṣé wáyà ni. Kí n tó la ẹnu, Sùnmọ́nù á ti ní, "Púlọ́ọ̀gì kẹta ni, sà." Ọ̀gá á ní, "Hùn." Ẹ má fojú kéré hùn yẹn o. Òun nìkan ni oríyìn tó wà nínú ilé iṣẹ́ yẹn, ọkùnrin náà ò ní òmíràn nílé. Mo wá hùn náà ju bí mo ṣe ń wá oúnjẹ lọ, mi ò rí i. Sùnmọ́nù ń rí i bí ẹni rí omi mu.

Owú ló gbé mi dìde. Kí ilẹ̀ tó là tán, màá ti wà ní gáréèjì tí ọkọ̀ Ìbàdàn ti ń gbéra. Màá dijú, màá fetí sí ẹ́ńjìnnì wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà màá lọ bá awakọ̀ pé kí ló ń ṣe ọkọ̀ rẹ̀, kí n mọ̀ bóyá mo gbà á. Àwọn kan rò pé orí mi ò pé. Etí tí Ọlọ́run fún Sùnmọ́nù lọ́fẹ̀ẹ́, èmi fi oorun rà á. Nígbà tó yá, mo ń dáhùn ṣáájú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣáájú rẹ̀, Ọ̀gá kàn pa ọkọ̀ náà. Sùnmọ́nù ló gbá mi léjìká tó ní, "O káre, Bùsárì." Ta ló bi í?

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín nípa ọkọ̀ ilẹ̀ Ìbàràpá nígbà yẹn, torí ibẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Láfún àti ẹlùbọ́ ni wọ́n ń kó, lórí ọ̀nà eléruku. Eruku pupa ń ti ìsàlẹ̀ bọ̀, ìyẹ̀fun funfun ń ti orí ẹrù bọ̀. Bí ìkankan nínú wọn bá wọ inú epo, kábúrétọ̀ ti dí nìyẹn. Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí a máa ń ṣe fún ọkọ̀ tó bá wọ ilé iṣẹ́ Ọ̀gá Jímọ̀ ni pé a ó gé rọ́bà lára tíúbù àtijọ́, a ó fi tẹ́ abẹ́ ọmọrí táǹkì epo kó lè dé gírígírí. Ọ̀gá ló dá àṣà náà sílẹ̀. Àwọn mẹkáníìkì yòókù rí i pé ó dára, wọ́n gbà á, títí kò fi sí ọkọ̀ akẹ́rù kan láti Èrúwà dé Igangan tí kò ní rọ́bà lábẹ́ ọmọrí. Eruku ò wọlé mọ́, inú gbogbo wa dùn.

Alhája Sífáwù ni oníbàárà wa tó tóbi jù. Ọjà Tápà ló ti ń ra láfún, ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan ló sì fi ń kó o lọ fún àwọn Yorùbá tó wà ní Jọ́ọ̀sì, á wá kó ọ̀dùnkún òyìnbó bọ̀. Ọkọ̀ náà ti dàgbà, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì rẹ̀ le, àwa la tún un ṣe. Láti Èrúwà títí dé ẹsẹ̀ òkè Jọ́ọ̀sì, kò ní wúkọ́. Bó bá ti gun òkè náà dé àárín, ẹ́ńjìnnì á kú. Wọ́n á dúró, á sinmi, á jí, á rìn díẹ̀, á tún kú. Nígbà tó ti ṣẹlẹ̀ léraléra, Alhája wá jókòó sórí àga Ọ̀gá.

"Ọ̀gá Jímọ̀," ó ní, "àwọn kan ń sọ fún mi pé òkè yẹn ò fẹ́ mi. Mo ti ṣe sàráà, mo ti ṣàdúà, ọkọ̀ ṣì ń kú. Ṣé kí n gbé e lọ sí Ìbàdàn ni?"

"Ẹ má gbé e lọ síbì kankan, Alhája. Òkè ò mọ ẹni tó lọkọ̀."

"Tó bá tún kú, màá kó gbogbo ọkọ̀ mi kúrò lọ́wọ́ yín o. Ẹ má bínú."

"A ò ní bínú," ni Ọ̀gá wí. Bí obìnrin náà ti lọ tán, ó wo èmi, ó wo Sùnmọ́nù. Ó ní, "Mo fẹ́ mọ ẹni tó máa rí i nínú ẹ̀yin méjèèjì."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo ti fara mọ́ ọn pé Sùnmọ́nù ló ní etí, òun ló ní ẹ̀rín, òun ni oníbàárà ń béèrè bí wọ́n bá dé. Mo bẹ Ọlọ́run pé kí èyí ṣáà jẹ́ tèmi. Kí wọ́n máa sọ ọ́ lọ́jọ́ iwájú pé nígbà tí apá gbogbo wọn ò ká a, Bùsárì ló rí i. Mi ò bẹ̀ ẹ́ fún ohun mìíràn lọ́dún yẹn.

A bẹ̀rẹ̀. Sùnmọ́nù ní ooru ni, pé epo ń hó nínú páìpù rẹ̀ kó tó dé ẹ́ńjìnnì. Ó fi àkísà tútù wé páìpù náà. Èmi ní afẹ́fẹ́ òkè fẹ́lẹ́, pé epo tí kábúrétọ̀ ń fún un ti pọ̀ ju afẹ́fẹ́ tó ń rí lọ. Mo dín epo náà kù. A fọ kábúrétọ̀, a pààrọ̀ pọ́ǹpù, a kó àpò láfún kún ọkọ̀ náà, a gbé e gun gbogbo òkè tó wà lẹ́yìn Èrúwà. Ó gùn wọ́n bí ewúrẹ́. Alhája gbé e lọ sí Jọ́ọ̀sì, ó padà dé, ojú rẹ̀ le. Ó ní èéfín dúdú tó máa ń yọ tẹ́lẹ̀ ti dín kù, ọpẹ́ ni fún ìyẹn, ṣùgbọ́n ọkọ̀ kú níbi tó máa ń kú sí gan-an.

Ọ̀gá ní, "Ẹ ò lè wo aláìsàn níbi tó ti ń jó. Ẹ bá a lọ, ẹ̀yin méjèèjì."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bá a lọ. Alhája àti awakọ̀ wà níwájú, èmi àti Sùnmọ́nù wà lórí àpò láfún. Ìrìn yẹn gùn, Sùnmọ́nù ò sì jẹ́ kó rẹ ẹnikẹ́ni. Ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín, ó ń bá awakọ̀ ṣeré, ó ń kí àwọn ọlọ́pàá ojú ọ̀nà bí ẹni pé ọmọ ìyá wọn ni. Níbi tí a ti yà jẹun, Alhája mú ẹran tirẹ̀ sínú abọ́ Sùnmọ́nù. Ó wo tèmi, ó ní kí n jẹun dáadáa. Mo jẹ ẹ̀bà mi, mo ń wo ọkọ̀.

Ohun tí mo rí kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo rí i. Jálẹ̀ ọ̀nà, bí a ti ń ra epo nílé náà ni awakọ̀ ń rà á, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ra ata. Nílẹ̀ Ìbàràpá, ta ló ń rọ epo kún táǹkì? Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ìlú tó wà lẹ́sẹ̀ òkè, ó rọ ọ́ kún dé ọ̀fun. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní Alhája ò fẹ́ kí òun dúró ra epo lórí òkè. Ó ti ọmọrí náà pa, rọ́bà dún kín-ín, a gbéra.

Òkè yẹn kì í ṣe òkè tiwa o. Ọ̀nà ń lọ́ bí ejò, atẹ́gùn tutù débi pé Sùnmọ́nù pàápàá dákẹ́. Ọkọ̀ ń gùn, ó ń ráhùn. Nígbà tó yá, ó wúkọ́, ó fà sẹ́yìn, ó kú. Awakọ̀ fa bíréèkì ọwọ́. A bọ́ sílẹ̀, a wá òkúta kì sí ẹ̀yìn táyà. Sùnmọ́nù ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó gbé etí lé e, ó ní kí awakọ̀ tàn án. Ó ní, "Epo ò dé ọ̀fun rẹ̀."

Kí n má pa irọ́ mọ́ ọn, òótọ́ ló sọ. Epo ò dé. Ṣùgbọ́n epo kún táǹkì, pọ́ǹpù tuntun ni. Kí ló wá dì í mú? Mo rìn lọ sẹ́yìn, síbi tí ọmọrí táǹkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Mo dúró, mo ń wò ó. Ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn, bó ṣe máa ń ṣí agolo mílíìkì láàárọ̀. Bí ó bá lu ihò kan, mílíìkì á kán tó, tó, á dúró. Á lu ìkejì kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, mílíìkì á wá ṣàn. Mo wo rọ́bà tó yọ etí lábẹ́ ọmọrí náà. Nílé, táǹkì kì í kún, afẹ́fẹ́ pọ̀ nínú rẹ̀, a sì ń ṣí i ní gbogbo ìgbà. Níhìn-ín, epo kún un bámú, òkè ń mu epo náà kíákíá, kò sì sí ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé dípò rẹ̀, àfi bí ọkọ̀ bá dúró tó fi yọ́ wọlé díẹ̀díẹ̀.

Mo di ọmọrí náà mú, mo yí i. Ó lẹ̀ mọ́ ọn bí ẹni pé ẹnì kan wà nínú ibẹ̀ tó ń fà á. Mo tún yí i pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Mo gbọ́ ọ. Fùùù. Èémí gígùn kan wọlé sínú táǹkì náà, ó ń wọlé, ó ń wọlé. Mi ò tíì gbọ́ ohùn tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí, lójú ayé mi. Mo kígbe pé, "Sùnmọ́nù, mo ti rí i!"

Awakọ̀ gbọ́ igbe, ó tan ọkọ̀, ọkọ̀ sì dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Ó sún síwájú díẹ̀, ó kúrò lórí òkúta. Bíréèkì ọwọ́ ò mú. Ó yí padà sẹ́yìn lórí òkúta náà, ó bá ẹsẹ̀ mi níbẹ̀. Mo gbọ́ bí egungun ṣe kán, mi ò tíì mọ̀ ọ́n lára. Awakọ̀ rí bíréèkì tẹ̀ ṣáá, òun ni kò jẹ́ kó ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Sùnmọ́nù ló fà mí jáde. Mo wà nílẹ̀, mo di ẹ̀wù rẹ̀ mú, mo ní, "Rọ́bà ni. Rọ́bà abẹ́ ọmọrí. Táǹkì ò rí èémí mí. Yọ ọ́ dànù, kí o fi ìṣó lu ihò kékeré sí ọmọrí náà."

Ó ní, "Mo gbọ́. Dákẹ́."

"Sọ ọ́ kí n gbọ́."

"Rọ́bà. Ìṣó. Ihò kékeré. Dákẹ́, Bùsárì, ẹ̀jẹ̀ ń dà."

Ó pọ̀n mí sẹ́yìn, ó gun òkè yẹn lọ títí ó fi rí ọkọ̀ tó gbé wa dé ọsibítù. Ó dúró tì mí títí wọ́n fi to egungun náà. Ẹkún ló ń sun. Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ fún yín: ọkùnrin tí mò ń jowú rẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti mọ̀ ọ́n, òun ló pọ̀n mí bí ọmọ. Ó ti dí gbogbo ọ̀nà mọ́ mi, n ò lè kórìíra rẹ̀ mọ́. Owú nìkan ló ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́.

Alhája ò lè fi láfún sílẹ̀ lórí òkè. Wọ́n fi mí sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn dókítà, wọ́n lọ. Sùnmọ́nù yọ rọ́bà, ó fi ìṣó lu ihò, ọkọ̀ gun òkè dé òpin rẹ̀ bí ẹni pé kò ṣàìsàn rí. Wọ́n tà, wọ́n rà, wọ́n padà sí Èrúwà. Èmi wà lókè, nínú òtútù, ẹsẹ̀ mi nínú sìmẹ́ǹtì funfun, mo ń rẹ́rìn-ín nìkan. Mo rò pé orúkọ mi ti délé ṣáájú mi.

Orúkọ tó délé, ti Sùnmọ́nù ni. Alhája ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ní gbogbo gáréèjì tó bá dé, ohun tó ń sọ ni pé, "Sùnmọ́nù fi ìṣó kan ṣoṣo wo ọkọ̀ mi sàn." Ohun tó ń ṣe Abóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe: gbogbo ọkọ̀ Ìbàràpá ló ní rọ́bà, gbogbo wọn ló wá kóra jọ sọ́dọ̀ Sùnmọ́nù kó lè bá wọn yọ ọ́. Nígbà tí mo fi padà dé lórí ọ̀pá, "Àrùn Sùnmọ́nù" ti wà lẹ́nu ọmọdé àti àgbà. Orúkọ náà ń fi ẹsẹ̀ méjì rìn, èmi ń fi ẹyọ kan. Bàbá mi wá sí Èrúwà, ó wo ẹsẹ̀ mi, ó wo Ọ̀gá Jímọ̀. Ó ní, "Egungun ni mo ní kẹ́ ẹ dá padà." Ọ̀gá bẹ̀ ẹ́ títí.

Ẹ óò ní Sùnmọ́nù ló jí iṣẹ́ mi. Kò jí i. Ọjọ́ tó délé ló ti sọ òtítọ́ fún Ọ̀gá. Ó sọ ọ́ fún Alhája pàápàá. Obìnrin náà dá a lóhùn pé, "Ẹni tó mú ìṣó lọ́wọ́ ni mo fojú mi rí." Ọ̀bọ ń làágùn, irun ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Mo lọ bá Ọ̀gá. Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ bá mi sọ fún wọn."

"Kí n sọ kí ni fún wọn?"

"Pé èmi ni mo rí i, sà. Ẹ ní kí ọmọ iṣẹ́ má yin ara rẹ̀."

Ó nu ọwọ́ rẹ̀ sí àkísà fún ìgbà pípẹ́. Ó ní, "Ọkọ̀ Alhája ń lọ àbí kò lọ?"

"Ó ń lọ, sà."

"Hùn."

Òun nìyẹn, ẹ̀yin ọmọ. Hùn tí mo fi gbogbo ìgbà èwe mi wá. Títí di òní, mi ò mọ̀ bóyá èmi ló ń yìn ni àbí ọkọ̀. Ó dìde, ó lọ bá ọkọ̀ ara rẹ̀ tó wà lábẹ́ igi odán, ó ṣí ọmọrí táǹkì rẹ̀, ó fa rọ́bà ibẹ̀ yọ, ó jù ú nù. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Kò tún bá mi sọ ọ̀rọ̀ náà mọ́ títí ó fi kú.

Nígbà tí a gba òmìnira lẹ́nu iṣẹ́ Ọ̀gá, mo padà sí Igbó-Ọrà lọ dá ilé iṣẹ́ tèmi sílẹ̀, Sùnmọ́nù dúró sí Èrúwà. Mo ṣe dáadáa. Mo kọ́ iṣẹ́ wáyà, torí mo gbọ́ pé Sùnmọ́nù ò mọ̀ ọ́n. Ó gbọ́ pé mo mọ̀ ọ́n, ló bá ń darí àwọn oníbàárà rẹ̀ sí mi, pẹ̀lú ìkíni. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín sí ènìyàn, torí òun. Ìyàwó mi ní ẹ̀rín náà ò bá mi mu, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà ń bọ̀.

Lẹ́yìn náà, ayé yí. Kábúrétọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tán lórí títì. Ọkọ̀ tí kò nílò pé kí ẹnikẹ́ni fetí sí i ló kù, ó ní ọpọlọ nínú, ọpọlọ náà sì ń sọ àìsàn ara rẹ̀. Mo gbọ́ pé Sikírù, ọmọ Sùnmọ́nù, ti ra ẹ̀rọ tí wọ́n ń kì bọ abẹ́ sítíárì, tí á kọ gbogbo ohun tó ń ṣe ọkọ̀ jáde. Mo fi wọ́n ṣẹ̀sín fún bí oṣù kan. Mo ní ẹ̀rọ ò ní etí. Nígbà tí mi ò lè sùn mọ́, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Ìbàdàn, mo jókòó láàárín àwọn ọmọ tó kéré sí ọmọ mi, mo fi awò ojú kọ́ ẹ̀rọ náà. Ọmọ tèmi, Kúdí, olùkọ́ ni. Kò fọwọ́ kan sípánà rí.

Ní ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, ẹgbẹ́ mẹkáníìkì ṣe fírídọ̀mù fún àwọn ọmọ iṣẹ́ ní Èrúwà. Wọ́n fi èmi àti Sùnmọ́nù sórí pèpéle níwájú. Nígbà tí àdúrà parí, ọ̀kan nínú àwọn tó ń gba òmìnira dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ gbọ́ bí wọ́n ṣe rí Àrùn Sùnmọ́nù, láti ẹnu ẹni tó rí i."

Wọ́n gbé máìkì fún Sùnmọ́nù. Dájúdájú, òun ni wọ́n máa gbé e fún. Mo sún síwájú lórí àga mi, bí mo ti dàgbà tó.

Sùnmọ́nù dìde. Ó ní, "Kì í ṣe èmi ni mo rí i. Bùsárì ló rí i, ẹni tó jókòó yìí. Ó wà nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kán, ó ń kọ́ mi ní ohun tí màá ṣe. Èmi kan ìṣó lásán. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́. Orúkọ rẹ̀ ló yẹ kí ẹ máa pè."

Mo ti ń dúró de ọ̀rọ̀ yẹn láti ìgbà tí irun mi ti dúdú. Mo tún fìlà mi ṣe. Mo ń múra àtidìde.

Alága ẹgbẹ́ gba máìkì, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ, ṣé ẹ rí ìrẹ̀lẹ̀? Ẹni tó ṣe nǹkan, tó tún gbé ògo rẹ̀ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Irú wọn ò wọ́pọ̀ mọ́." Wọ́n bú sí àtẹ́wọ́. Àwọn ọmọ ń wá dọ̀bálẹ̀ fún Sùnmọ́nù níkọ̀ọ̀kan. Ó ń fọwọ́ dá wọn dúró, ó ní, "Òótọ́ ni mò ń sọ fún yín, ẹ gbọ́ mi." Bó ṣe ń sọ ọ́ ni àtẹ́wọ́ ń pọ̀ sí i.

Mo gba máìkì náà. Mo ní, "Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo rí i." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Ẹnì kan pariwo láti ẹ̀yìn pé bàbá yìí mọ̀ ọ́n ṣe.

Ọmọ tó béèrè ọ̀rọ̀ náà ló wá dì mí mú kí n lè sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, torí ẹsẹ̀ mi. Ọmọ dáadáa ni, ó ní sùúrù. Ó rọra sọ ọ́ sí mi létí pé, "Bàbá, ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn o. Ọ̀rẹ́ tó máa bu iyì fúnni báyìí ò pọ̀." Mo ní màá dúpẹ́.

Mo sì dúpẹ́. Ọkọ̀ kan náà ló gbé èmi àti Sùnmọ́nù kúrò níbẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Bàbá Kúdí, o rí i pé mo gbìyànjú." Mo ní mo rí i. Ó ní kí n má bínú, mo ní mi ò bínú. Mo ti jowú etí rẹ̀, mo ti jowú ẹnu rẹ̀, mo ti jowú ọmọ rẹ̀ àti ẹ̀rọ ọmọ rẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ rẹ̀ nìkan ni mi ò tíì jowú rí. Kí ọkọ̀ náà tó já mi sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, mo ti bẹ̀rẹ̀.